Ẹ̀yìn Ríro àti Owó Òòjọ́: Ọ̀rọ̀ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìtẹ̀lé



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí Ó dá ọmọ ènìyàn ní ìdúró ṣánṣán. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ péjọ síbí, bí ènìyàn bá wọ mọ́sáláásí lọ́jọ́ Jímọ̀ ní agbègbè Ìtẹ̀lé, Láfẹ́ńwá tàbí Sàngó, kí ó wo ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n to àga ike sí. Àwọn arúgbó ni wọ́n tìtorí wọn gbé àga wọ̀nyẹn wá. Ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, kí ó máa tẹ orí díẹ̀ fún rúkúù, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i fún sùjúùdù. Ẹ̀sìn ti fún un láàyè bẹ́ẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé: kí ló gbé ẹni ọdún márùndínlógójì dé orí àga, kí ló sì dé tí kò fi tíì lè kúrò níbẹ̀?

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọkùnrin méjì tí ọjọ́ orí wọn kò ju ara lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan náà ní Ọ̀tà. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì gbé ẹrù kan náà, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì sì dún, ìrora sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí àti itan. Èkínní jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ gbà tààrà: ó ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ó ní ìsinmi àìsàn, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera. Káṣúà ni èkejì ń ṣe. Ọjọ́ tó bá wá ni wọ́n ń sanwó fún un. Ọjọ́ tí kò bá wá, ẹlòmíràn ti dúró sẹ́nu géètì láti aago márùn-ún ìdájí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni èkínní ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ń fi ọwọ́ di ògiri mú kó tó lè dìde. Bí dókítà bá gbé àwòrán ẹ̀yìn wọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹ̀ wò, kò ní lè sọ èwo ni ti ta. Ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n ní. Owó òòjọ́ ló yà wọ́n.

Kókó ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀yìn bá ti bàjẹ́, bí oògùn bá ṣe lágbára tó ni ìwòsàn yóò ṣe tètè dé sí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pinnu ju oògùn lọ ni irú iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, irú ilé tó ń sùn, ọ̀nà tó ń gbà lọ sí ọsibítù, àti ẹni tí yóò máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé ní ọdún 2020, wọ́n sì fojú bù ú pé yóò tó mílíọ̀nù 843 ní ọdún 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé àìsàn àwọn òyìnbó tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ni, àti pé ẹni tó bá ń fi ara ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà kò lè ní in. Ní ọdún 2007, wọ́n kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní Áfíríkà jọ, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí àgbàlagbà 32 nínú 100 ni ẹ̀yìn ń dùn lásìkò tí wọ́n bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń já tírélà ní Sàngó kò nílò ìwádìí kó tó mọ̀.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké 33 ni, wọ́n tò ó lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀ bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, tó fi ku 24 tó ń yí. Láàrín ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ohun kan wà bí tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Inú ihò tó gba ẹ̀yìn wọn kọjá ni okùn iṣan ńlá wà, èyí tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àpòòtọ̀. Nínú ẹni 10 tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn, nǹkan bí 9 ni kò ní àrùn kan pàtó tí ènìyàn lè nàka sí. Eegun kò ṣẹ́, okùn iṣan kò sì já. Iṣan àti ẹran ara ló fà tàbí tó wú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ẹni náà bá dín ẹrù kù, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó sì ń rí oorun sùn.

Ẹ gbọ́ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dáadáa, nítorí pé nínú wọn ni ìyà tálákà wà.

Dídín ẹrù kù ni àkọ́kọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lọ dùbúlẹ̀ sórí pátákó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ní ọdún 1986, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà fi àwọn tí wọ́n ní kó sinmi lórí ibùsùn fún ọjọ́ 2 wé àwọn tí wọ́n ní kó sinmi fún ọjọ́ 7. Àwọn ọlọ́jọ́ 2 ló kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ara wọn kò sì burú ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 1995, ìwádìí mìíràn láàrín àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Helsinki ní Finland fi hàn pé àwọn tó ń bá ìgbòkègbodò wọn lọ bí ara wọn ti lè gbà á mọ ló tètè sàn ju àwọn tó dùbúlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ń fúnni lónìí ni pé kí ènìyàn má dùbúlẹ̀, kó má sì gbé ẹrù tó wúwo. Kó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ títí ẹ̀yìn yóò fi le.

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n níbo ni káṣúà ti fẹ́ rí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́? Ohun méjì péré ló wà níwájú rẹ̀: kí ó gbé àpò, tàbí kí ó má gba nǹkan kan. Kò sí ìdajì iṣẹ́, kò sí ìdajì owó. Òṣìṣẹ́ tó ní ìwé lè bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó gbé òun lọ síbi kíka páálí fún oṣù kan. Ọ̀gá káṣúà lè má mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jókòó sílé lọ́jọ́ kìíní, owó ọbẹ̀ ló pàdánù. Ní ọjọ́ kejì, owó ìyáwó àjọ tó yẹ kó dá. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, yóò gbé oògùn mì, yóò sì padà sábẹ́ àpò. Báyìí ni ẹ̀yìn tí ìbá san láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe ń di ẹ̀yìn ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ń wàásù ìsinmi fún un kò ì tíì bá a débi ọ̀rọ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ẹrù náà. Àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń ṣe ní Ewékoro àti Ìbẹṣẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ Ògùn yìí jẹ́ kílógíráàmù 50. Ní ọdún 1967, Àjọ Àgbáyé Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà ọkùnrin má gbé ju kílógíráàmù 55 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpò kan kò tíì ré ìyẹn kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ẹyọ kan? Tírélà tó bá kó tọ́ọ̀nù 30 gbé àpò 600. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá já a, àpò 100 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tọ́ọ̀nù 5 lórí ọrùn àti ẹ̀yìn ènìyàn kan, kó tó di pé tírélà kejì dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpò kílógíráàmù 25 ló wọ́pọ̀ báyìí. Ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rọ ju ti Ẹ̀gbá tàbí Àwórì lọ. Wọ́n kàn ti ṣírò iye tí ẹ̀yìn tó bàjẹ́ ń ná ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ni. Níbi tí ẹ̀yìn tó bàjẹ́ kò bá ti ná ilé-iṣẹ́ ní kọ́bọ̀, ta ni yóò dín àpò kù?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 1991, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 3,000 ní ilé-iṣẹ́ Boeing tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó sọ pé àwọn kì í sábà gbádùn iṣẹ́ àwọn fi ẹjọ́ ẹ̀yìn sùn ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ rẹ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìrora òótọ́ ni. Ohun tó fi yé ni pé ìbẹ̀rù, ìbínú àti àìní ìrètí máa ń mú kí ìrora le, kí ó sì pẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò pe òun sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la kì í sùn dáadáa, ara tí kò sì sùn kì í tètè san.

Oorun ti wọ inú ọ̀rọ̀ wàyí, ilé sì ni oorun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fi Ìtẹ̀lé ṣe ibùgbé nítorí pé owó ilé ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti Èkó tó wà lódìkejì Ayọ̀bọ̀ lọ. Yàrá kan, ènìyàn márùn-ún, ẹní lórí sìmẹ́ǹtì. Omi kò sí nínú ilé, nítorí náà ìyàwó ń ru kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ń dùn, àmọ́ kì í sọ. Wọ́n ti sọ fún un pé bí abiyamọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láàárín kòtò Ìtẹ̀lé nígbà òjò mọ ohun tí eegun ìdí ń jẹ níyà.

Kí ni ẹni náà wá ń ṣe? Kẹ́mísì ló ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó ní ìdí. Kẹ́mísì wà nítòsí, ó ṣí di aago mẹ́wàá alẹ́, kì í béèrè owó káàdì, kì í sọ pé kí aláìsàn lọ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò gbà, yóò sì po oògùn bíi mélòó kan pọ̀ sínú ọ̀rá. Kí ló wà nínú ọ̀rá náà? Nígbà mìíràn, oògùn apàrora tó máa ń dá ọgbẹ́ sí inú, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bí ènìyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, tírámádọ́ọ̀lù, èyí tí ìjọba mú òfin rẹ̀ le ní ọdún 2018 nítorí bó ṣe ń sọ àwọn ọ̀dọ́ di ẹrú rẹ̀. Nígbà mìíràn sì ni prednisolone tàbí dexamethasone. Èyí ló burú jù fún ọ̀rọ̀ òní. Ara máa ń yá gágá lọ́jọ́ kejì. Ojú á wú diẹ̀, àwọn aládùúgbò á ní ó ń sanra. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, oògùn náà máa ń jẹ eegun gan-an, títí eegun ẹ̀yìn yóò fi rọ bí ẹfun. Oògùn tó jẹ́ kó lè gbé àpò lónìí ni yóò jẹ́ kí eegun náà wó lábẹ́ àpò lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn mìíràn gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ. Jẹdíjẹdí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi: "Ṣúgà tí o ń jẹ ti pọ̀ jù." Ṣúgà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, àmọ́ kò gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn mìíràn ní kí ọmọ gun àwọn lẹ́yìn, tàbí kí ẹnì kan fà wọ́n lápá lẹ́sẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi dún. Àwọn teguntegun wà tó mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ tò, wọn kò ṣeé fojú rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí okùn iṣan wà nínú rẹ̀ kò ṣeé fà, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹbí á tú owó jọ. Wọ́n á tà, wọ́n á yá, wọ́n á sì gbé e lọ ya àwòrán MRI. Ìwé àyẹ̀wò á dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá pé tìmùtìmù àárín eegun ti gbẹ, pé ó ti yọ. Ẹ̀rù á ba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, wọ́n kó àyẹ̀wò ènìyàn 3,110 tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ. Láàrín àwọn ẹni ogún ọdún, 37 nínú 100 ni àwòrán fi hàn pé tìmùtìmù wọn ti ń gbẹ. Láàrín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, 96 nínú 100. Bí irun ṣe ń funfun ni. Owó tí wọ́n ná sórí àwòrán yẹn ni wọn ìbá fi san owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ físíò fún oṣù méjì. Físíò ni yóò kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń mú ẹ̀yìn le, bí a ṣe ń tẹ orúnkún gbé ẹrù, bí a ṣe ń dìde láìsí ìbẹ̀rù. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun ní ilẹ̀ yìí. Láti ọdún 1945 ni ọsibítù eegun ti wà ní Ìgbóbì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò láti ọdún 1966. Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹkù, ọmọ Àwẹ́, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti okùn iṣan ẹ̀yìn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láàárín Ìtẹ̀lé sí Ìgbóbì ni ó ti ń sọnù, sínú owó ọkọ̀ àti owó òòjọ́ tí aláìsàn yóò pàdánù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lọ. Ní Nàìjíríà, nínú náírà 10 tí wọ́n ń ná sórí ìlera, ó tó 7 tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà o. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ìtọ̀ kò bá jáde tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, bí abẹ́ àti ìdí bá kú tipiri, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, nítorí pé wákàtí ni wọ́n fi ń ka irú rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yìn tó ń dùn pẹ̀lú ibà, òógùn òru àti rírù.

Èyí tó kẹ́yìn yìí mú ọ̀rọ̀ iké wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ayé tàbí àjẹ́. Ikọ́ ife ló wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Percivall Pott, ti ṣàpèjúwe àìsàn náà láti ọdún 1779. Ilé tó há, tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ni kòkòrò rẹ̀ fẹ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní àwọn ọsibítù ìjọba Nàìjíríà, àwọn dókítà sì sábà máa ń lo oògùn ti eegun ẹ̀yìn fún oṣù 9 sí 12. Bí ọmọ bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò rìn. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta káàkiri ilé àwọn aláfọ̀ṣẹ, tàbí ọ̀dọ̀ alùfáà tó ń gbowó lórí hántú, eegun náà á ti wó lu okùn iṣan. Àwọn aládùúgbò á sì ní àyànmọ́ ni. Oògùn ọ̀fẹ́ nìyẹn o, àmọ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìyá tó sì ń kiri ọjà kò lè pa ọjà tì lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìjẹ́ pé ẹnì kan ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọkọ̀ tún wà. Òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Sàngó kọjá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ohun tó sábà ń já okùn iṣan ẹ̀yìn jù lọ ní Nàìjíríà. Àánú ló sì máa ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́ tán: ẹni méjì á sáré dé, ọ̀kan á mú ọwọ́, ọ̀kan á mú ẹsẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò gàrí. Eegun tó kàn sán tẹ́lẹ̀ á wá gé okùn iṣan. Bí kò bá sí iná tàbí ewu mìíràn níbẹ̀, kí wọ́n má gbé e títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó bá di dandan, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn rẹ̀ mú ṣinṣin, kí àwọn yòókù yí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pátákó tàbí ilẹ̀kùn. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì ti sọ pé ọsibítù kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Bí ẹni náà bá wá yè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ibẹ̀ ni ipò ẹbí ti ń pinnu ẹ̀mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 15 ló ń gbé pẹ̀lú okùn iṣan ẹ̀yìn tó bàjẹ́, àti pé wọ́n ń tètè kú ju ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po 2 sí 5, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Egbò ẹ̀gbẹ́ àti àrùn inú ìtọ̀ wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Egbò kì í wá bí ènìyàn bá ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì tọ̀sán tòru. Ta ni yóò máa yí i? Ìyàwó rẹ̀ ni, tí ọjà rẹ̀ ti kú, tí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ti ń kán.

Ó wá ku òfin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò sì tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ọdún 2010, Nàìjíríà ṣe Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́. Òfin náà sọ pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó, kí wọ́n má sì yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Láti inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń san owó ìtọ́jú àti ẹ̀san fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ibi tó yẹ kí gbogbo káṣúà Ọ̀tà gbọ́ nìyí: nígbà tí òfin náà ń sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ó ka ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àti káṣúà mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á. Ó tún ka ìjàm̀bá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó ní "káṣúà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan" kò sọ òótọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá géètì, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọjọ́. Láàrín ọjọ́ 14 tó farapa ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ láàrín ọjọ́ 7. Láàrín ọdún kan ni kí òṣìṣẹ́ béèrè ẹ̀san. Ẹni tó bá pa ẹ̀yìn mọ́ra nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n lé òun, tó ń gbé oògùn mì fún oṣù mẹ́ta, ti jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Òfin Òṣìṣẹ́ tó ti wà tipẹ́ náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 12 lọ́dún fún àìsàn pẹ̀lú owó, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé láàrín oṣù mẹ́ta. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń dá káṣúà dúró kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún gbà á padà.

Òfin yìí kò gba gbogbo ènìyàn là. Ọlọ́kadà, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ìyá tó ń ru igbá, kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò dá ìdá 1 fún wọn. Òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 sọ pé dandan ni kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé òfin kì í dé Ìtẹ̀lé fúnra rẹ̀. Àwọn ẹni wọ̀nyí ni sàká wà fún. Ẹni tó jẹ gbèsè nítorí ìtọ́jú ara rẹ̀ wà lára àwọn ẹ̀yà mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Bí ó ti wọ́pọ̀ nìyí: wọn a gbé owó ńlá jọ lẹ́ẹ̀kan fún iṣẹ́ abẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, wọn a sì ya fọ́tò sí i. Owó òòjọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, kí ó lè dúró sílé kó má gbé àpò, kéré púpọ̀ sí ti iṣẹ́ abẹ. Kò sí ẹni tí yóò ya fọ́tò sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nínú ìpàdé yìí lè ṣe ohun kan tí kò ná wọn ní ju ìwé àti bírò lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú mọ́sáláásí bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn bá a kọ lẹ́tà sí agbanisíṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, wákàtí, ohun tó ń gbé, ibi tó ti ń dùn ún, orúkọ ẹni tó rí i. Kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí ẹni tó bá gba ọ̀kan fọwọ́ sí èkejì, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn pa mọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé mọ́sáláásí, níbi tí òjò kò ní pa á.